Gọ́ọ̀mù wo ni kí á fi lẹ gìtá? Ìtàn awọ màlúù, ike àti ooru

Ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Galleria dell'Accademia, ní ìlú Florence ní Ítálì, fíólà ńlá kan wà níbẹ̀ tí Antonio Stradivari ṣe fún ìdílé Medici ní 1690. Ọrùn tí bàbá náà gbẹ́ fún un ló ṣì wà lára rẹ̀ títí dòní. Lára iṣẹ́ ọwọ́ Stradivari tó ṣẹ́ kù láyé, tí wọ́n tó nǹkan bí 650, agbára káká ni a fi lè rí òmíràn tó ṣì wà bó ṣe kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é.

Àwọn ìyókù ni wọ́n ti tú. Láti ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún ni gbọ̀ngàn orin ti ń tóbi sí i ní Yúróòpù, tí àwọn olórin sì ń fẹ́ ohùn tó máa dé etí ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá. Àwọn tó ń tún fáyólìnì ṣe wá bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọ̀bẹ pẹlẹbẹ bọ àárín ojú rẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ṣí i, wọ́n yọ ọ̀pá tó wà nínú, wọ́n fi èyí tó nípọn sí i. Wọ́n yọ ọrùn, wọ́n fi èyí tó gùn jù ú lọ, tó sì fì sẹ́yìn díẹ̀, rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lẹ gbogbo rẹ̀ padà, olórin sì gbé e lọ sórí ìtàgé. Pákó ojú fáyólìnì kì í sábà nípọn ju mìlímítà mẹ́ta lọ. Kí ló dé tí kò fi fọ́ sí wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ wọn? Gọ́ọ̀mù tí Stradivari lò ni. Gọ́ọ̀mù náà gbà kí wọ́n tú u.

Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bi káfíńtà ni pé gọ́ọ̀mù wo ló le jù. Fún àga àti ilẹ̀kùn, ìbéèrè gidi nìyẹn. Fún gìtá, fáyólìnì, sẹ́lò tàbí máńdólìnì, mo gbà pé ibi tí kò yẹ ni ìbéèrè náà dojú kọ. Bí ojú pákó méjì bá bára mu dáadáa, tí gọ́ọ̀mù sì dì wọ́n mú débi pé pákó ni yóò kọ́kọ́ ya kí ojú ìlẹ̀ tó já, ó ti tó. Èyí tó pọ̀ jù lára gọ́ọ̀mù pákó tí wọ́n ń tà lóde òní ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ìwà wọn lẹ́yìn ogún ọdún, nínú ooru, nínú ọ̀rinrin, àti lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ tún ohun èlò náà ṣe.

Awọ ẹran ni wọ́n fi ń ṣe gọ́ọ̀mù àtijọ́ náà. Ẹni tó bá ti se ẹsẹ̀ màlúù tàbí pọ̀nmọ́ fún ìgbà pípẹ́ rí ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí. Omi tó ṣẹ́ kù nídìí ìkòkò a máa fà. Bó bá tutù, a dì. Ìka ọwọ́ ẹni tó ń jẹ ẹ́ a sì máa lẹ̀ mọ́ra wọn. Kọ́lájìn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, èròjà tó di awọ, egungun àti iṣan ẹran mú. Àwọn tó ń ṣe gọ́ọ̀mù á bó irun àti ọ̀rá kúrò lára awọ, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sè é lórí iná tí kò le, wọ́n á sẹ́ omi rẹ̀, wọ́n á jẹ́ kó dì, wọ́n á gé e, wọ́n á sì sá a títí yóò fi gbẹ kankan. Ó máa wá dà bíi wóró oyin tó ti gan. Ní 2022, nígbà tí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ awọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Zaria dábàá pé kí òfin de pọ̀nmọ́ jíjẹ kí awọ lè kù fún àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ awọ, ariwo gba ìlú kan. Bàtà àti báàgì ni gbogbo wa ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Èmi kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni mẹ́nu ba gọ́ọ̀mù.

Iṣẹ́ náà sì ti pẹ́ láyé. Nínú ibojì Rekhmire, òṣìṣẹ́ àgbà kan ní ààfin Fáráò ní Thebes, ní Íjíbítì, wọ́n ya àwòrán àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà sára ògiri, ìkòkò gọ́ọ̀mù sì wà lórí iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ibojì náà ti lé ní 3,400 ọdún.

Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, ẹni tó lọ ra gọ́ọ̀mù awọ lọ́jà kò mọ ohun tó ń rà. Ti òní lè le, ti ọ̀la lè rọ̀, ti ọ̀túnla lè máa rùn. Peter Cooper, oníṣòwò ará New York, wà lára àwọn tó fòpin sí àìdánilójú yìí. Ní 1821 ló ra ilé iṣẹ́ gọ́ọ̀mù kan létí adágún Sunfish Pond ní Manhattan, nígbà tí apá ibẹ̀ ṣì jẹ́ ẹ̀yìn ìlú. Ó pín gọ́ọ̀mù rẹ̀ sí ìpele ìpele, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ra ìpele kan lónìí yóò bá ohun kan náà nínú àpò lọ́dún tó ń bọ̀. Àwọn ará ọjà gba ìpele Cooper gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n, kódà lẹ́yìn tó ti kú. Ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi mọ orúkọ rẹ̀ jù ni ọkọ̀ ojú irin Tom Thumb tó ṣe ní 1830, àti ilé-ẹ̀kọ́ Cooper Union tó dá sílẹ̀ ní New York ní 1859. Gọ́ọ̀mù ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di olówó.

Nígbà tó di 1925, Oscar Bloom gba àṣẹ ìjọba lórí ẹ̀rọ kan tó ń wọn agbára gọ́ọ̀mù náà. Wọ́n á po gọ́ọ̀mù mọ́ omi ní ìwọ̀n kan pàtó, wọ́n á jẹ́ kó tutù kó sì dì, wọ́n á wá ti ọ̀pá kékeré kan sínú rẹ̀ ní mìlímítà mẹ́rin. Iye gíráàmù tó gba ọ̀pá náà láti wọlé ni nọ́ńbà gọ́ọ̀mù yẹn. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 192 ni ọ̀pọ̀ tó ń ṣe gìtá ń rà. Àwọn mìíràn máa ń gun òkè dé 251. Ibí yìí ni ẹni tó fẹ́ràn “èyí tó le jù” ti máa ń kó sí wàhálà. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga sí i ni gọ́ọ̀mù ṣe ń yára dì, tí àyè sì ń há fún ọwọ́. Ẹni tí kò tíì mọwọ́ iṣẹ́ náà, tó lọ ra èyí tó ga jù lọ, gọ́ọ̀mù á ti dì sórí pákó kó tó rí kírámpù tó máa fi há a.

Torí pé ìyára ni olórí ìṣòro gọ́ọ̀mù awọ. Ọjọ́ kan ṣáájú ni wọ́n sábà ń rẹ ẹ́ sínú omi tútù kó lè wú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé ife rẹ̀ sínú omi gbígbóná, kì í ṣe orí iná tààrà, kí ooru rẹ̀ wà ní nǹkan bíi digiríì 60. Kò gbọ́dọ̀ hó. Bó bá hó, ohun tó fún un lágbára á já, ohun tó kù kò ní wúlò ju omi ẹ̀kọ lọ. Ìkòkò iná mànàmáná wà tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí nìkan, ó sì wọ́n. Nítorí náà ọ̀pọ̀ tó ń ṣe gìtá nílé lóde òní ló ń lo ẹ̀rọ tí àwọn ìyá ọmọ fi ń mú wàrà inú ìgò gbóná. Bí wọ́n bá ti fi búrọ́ọ̀ṣì kun pákó, ó lè máà tó ìṣẹ́jú kan kí gọ́ọ̀mù tó bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Nínú òtútù Yúróòpù, wọ́n gbọ́dọ̀ mú iyàrá gbóná, kí wọ́n sì mú pákó pàápàá gbóná. Nínú ooru Èkó, èyí kò ní jẹ́ ìṣòro. Ẹ̀rọ amúlétutù ni ká sá fún.

Kí ló dé tí ẹ̀dá fi ń jìyà tó báyìí? Ẹ wo ohun tó ń ṣe bó bá ń gbẹ. Ó ń súnkì, ó sì ń fa pákó méjèèjì mọ́ra. Fífà náà lágbára débi pé àwọn oníṣẹ́ dígí máa ń kun gọ́ọ̀mù awọ sójú dígí. Bó ṣe ń gbẹ ni yóò máa ṣí ojú dígí náà ní èérún èérún, tí yóò sì fi ọnà tó jọ ewé sílẹ̀ níbẹ̀. Bó bá gbẹ tán, ó le, kì í fà mọ́, pákó méjì tó bá sì lẹ̀ kì í yọ̀ lórí ara wọn bí okùn bá ń fà wọ́n láti ọdún dé ọdún.

Síbẹ̀, omi àti ooru lè bá a sọ̀rọ̀. Ọ̀bẹ tí wọ́n mú gbóná díẹ̀, ẹ̀kán omi, tàbí ẹ̀kán ọtí líle tó máa gbẹ ẹ́ débi tí yóò fi sán, èyíkéyìí nínú wọn á ṣí i. Àwọn tó ń ṣe fáyólìnì tilẹ̀ máa ń mọ̀ọ́mọ̀ bu omi kún gọ́ọ̀mù tí wọ́n fẹ́ fi lẹ ojú rẹ̀ kí agbára rẹ̀ lè dín. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, pákó a súnkì. Bí gọ́ọ̀mù bá le jù, pákó ni yóò ya, ìyẹn sì lè pa ohun èlò náà láyé. Bí gọ́ọ̀mù bá mọ níwọ̀n, ojú ìlẹ̀ ni yóò là, ọmọ iṣẹ́ kan á sì fi ìrọ̀lẹ́ kan lẹ̀ ẹ́ padà. Ẹni tó bá ní fáyólìnì ní Ìbàdàn tàbí Ìlọrin ti mọ ohun tí ọyẹ́ ń ṣe sí pákó.

Àwọn baba wa kò ní irú ìṣòro yìí, torí ọ̀nà tí wọ́n gbà ń ṣe ohun èlò orin yàtọ̀. Igi kan ṣoṣo ni ara dùndún, ọ̀mọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, tí àwọn agbẹ́lù gbẹ́ inú rẹ̀ jáde. Awọ bo ojú rẹ̀, ọṣán ló fà á le. Igbá ni ara gòjé. Fáyólìnì ní tirẹ̀ ní ẹ̀yà tó tó nǹkan bí 70, gìtá náà kò kéré. Ẹni tó ń to pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ jọ ni gọ́ọ̀mù ń fún ní orí fífọ́.

Fritz Klatte, onímọ̀ kẹ́míkà ní Jámánì, ló ṣí ọ̀nà tuntun ní 1912, nígbà tó ṣàwárí èròjà tí a wá fi ṣe gọ́ọ̀mù funfun tí gbogbo káfíńtà mọ̀ lónìí, èyí tí àwọn tiwa ń pè ní Top Bond láìka orúkọ tó wà lára ike rẹ̀ sí. Kò nílò iná, kì í rùn, kì í tètè bàjẹ́ nínú ìgò. Ogun Àgbáyé Kejì náà sì ti ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀mù síwájú gan-an. Pákó ni wọ́n fi ṣe ọkọ̀ òfuurufú Mosquito ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kí ìyẹ́ ọkọ̀ òfuurufú gbà kí ẹnikẹ́ni tú u nínú òjò. Aerolite, gọ́ọ̀mù tí Norman de Bruyne gbé jáde ní 1937, wà lára èyí tí wọ́n lò, torí omi kò ràn án. Lẹ́yìn ogun, irú gọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ wọ ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe àga, láti ibẹ̀ ló sì ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe gìtá. Ohun tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ ogun ni wọ́n wá ń fi lẹ ohun tí wọ́n mọ̀ pé ó máa nílò àtúnṣe. Ìgbà yẹn ló yẹ kí ẹnì kan béèrè ìbéèrè.

Ilé iṣẹ́ Franklin ní Columbus, ní ìpínlẹ̀ Ohio, bẹ̀rẹ̀ ní 1935 pẹ̀lú gọ́ọ̀mù awọ inú ìgò tí kò nílò gbígbóná. Nígbà tó yá ni wọ́n ṣe Titebond, gọ́ọ̀mù aláwọ̀ ìyeyè tó jẹ́ àbúrò gọ́ọ̀mù funfun, tó sì le jù ú lọ nínú ooru. Òun ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ gìtá ní Amẹ́ríkà gbà. Ilé iṣẹ́ C. F. Martin ni kí á fi ṣe àpẹẹrẹ. Christian Frederick Martin kúrò ní Markneukirchen, ìlú àwọn oníṣẹ́ fáyólìnì ní Jámánì, ó dé New York ní 1833, ó sì wá fìdí kalẹ̀ sí Nazareth ní Pennsylvania. Gọ́ọ̀mù awọ ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń lò láti ìran dé ìran. Àárín àwọn ọdún 1960 ni wọ́n fi í sílẹ̀. Ọ̀dọ́ ń wá gìtá lójú méjèèjì nígbà náà, ilé iṣẹ́ tó sì ń sáré kò ní àyè fún gọ́ọ̀mù tó ń dì kí òṣìṣẹ́ tó yíjú padà. Èmi kò bá wọn jà. Gìtá tí wọ́n ṣe pẹ̀lú gọ́ọ̀mù ìgò nígbà náà pọ̀ tó ṣì ń kọrin dáadáa.

Ṣùgbọ́n ooru wà níbẹ̀ tó ń dúró dè wọ́n. Okùn irin mẹ́fà tí a fà sórí gìtá ń fa bíríjì rẹ̀, pákó kékeré tí okùn so mọ́ lójú gìtá, pẹ̀lú agbára tó tó kìlógíráàmù 70 sí 80, tọ̀sán-tòru, láìsinmi. Gọ́ọ̀mù funfun a máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ irú fífà bẹ́ẹ̀, pàápàá bí ibi tó wà bá gbóná. Bíríjì á máa yọ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀, lọ́jọ́ kan á sì já. Ẹni tó bá gbé gìtá sínú búùtù ọkọ̀ nínú oòrùn ọ̀sán, tó wá dé tó bá bíríjì tó ti ká sókè, kì í ṣe ọwọ́ ayé. Ti ìyeyè ṣe dáadáa ju ti funfun lọ níbí. Gọ́ọ̀mù awọ fara da ooru gbígbẹ ju àwọn méjèèjì lọ, àmọ́ ooru pẹ̀lú ọ̀rinrin ni ọ̀tá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ inú ọkọ̀ ní Èkó kì í sábà gbẹ. Bí mo bá ní gìtá olókùn irin tó máa gbé ní Èkó láìsí àpótí gidi, ìyeyè ni mà á fi lẹ bíríjì rẹ̀. Fáyólìnì ńkọ́? Awọ ni, láìsí àríyànjiyàn.

Súpà gúlù kò ní pẹ́ lẹ́nu mi. Harry Coover kọ́kọ́ bá èròjà rẹ̀ pàdé ní Kodak ní 1942 níbi tó ti ń wá ike tó mọ́ gaara fún ojú ìbọn, ó sì jù ú sílẹ̀ torí pé ó ń lẹ̀ mọ́ gbogbo nǹkan. 1958 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Ó dára fún ìlà kékeré tó ya, fún ihò abẹ́ okùn lórí ọrùn gìtá, fún ohun wẹ́wẹ́ báyìí. Ẹni tó bá fi lẹ bíríjì ń ṣe àtúnṣe títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹpọ́sì, èyí tí à ń po láti inú ọ̀pá méjì, ní tirẹ̀ kì í bá omi sọ̀rọ̀ rárá. Àwọn ilé iṣẹ́ kan fi lẹ ọrùn gìtá nígbà kan, àwọn atúnṣe sì ń ṣépè fún wọn títí di òní. Ọrùn gìtá olókùn irin fẹ́rẹ̀ẹ́ máa nílò títúnṣe lẹ́yìn ọgbọ̀n tàbí ogójì ọdún, torí okùn ti fa ara rẹ̀ tẹ̀. Ooru omi gbígbóná ni wọ́n ń fẹ́ sí ojú ìlẹ̀ náà kó lè rọ̀. Gọ́ọ̀mù awọ á rọ̀. Funfun àti ìyeyè á rọ̀ pẹ̀lú wàhálà díẹ̀. Ẹpọ́sì á máa wò yín níran.

Àwọn kan tilẹ̀ yọ gọ́ọ̀mù kúrò nínú ọ̀rọ̀ ọrùn. Leo Fender fi ìdè irin mẹ́rin de ọrùn gìtá oníná rẹ̀ ní 1950, láìka ohun tí ẹnikẹ́ni máa sọ sí. Ní 1999, ilé iṣẹ́ Taylor ní California gbé ọrùn tí wọ́n fi bóòtù mú jáde fún gìtá aláìníná, tí èèyàn lè yọ kó sì tò padà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Àwọn tó fẹ́ràn àṣà àtijọ́ bú wọn, wọ́n sì ń tà á lọ.

Ní ti Martin, wọ́n ti padà sí gọ́ọ̀mù awọ lórí àwọn gìtá olówó gọbọi kan tí wọ́n ń pè ní Authentic, tí wọ́n ṣe kó jọ ti àwọn ọdún 1930. Àwọn tó ń rà á ní ohùn rẹ̀ yàtọ̀. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n pákó mìíràn ló wà lára rẹ̀, ọwọ́ mìíràn ló gbẹ́ ẹ, owó mìíràn ló sì jáde lápò, bẹ́ẹ̀ owó máa ń la etí ẹni tó san án. Èmi kò tíì rí ohun tó mú mi gbà pé gọ́ọ̀mù nìkan ni olúwarẹ̀ ń gbọ́.

Ohun tí mo gbà láìjiyàn nípa gọ́ọ̀mù awọ wà lórí tábìlì atúnṣe. Gọ́ọ̀mù awọ tuntun máa ń di gọ́ọ̀mù awọ ogún ọdún mú: wọ́n á fi omi gbígbóná nu ojú ìlẹ̀, wọ́n á kun tuntun sí i, àtijọ́ á yọ́, á dara pọ̀ mọ́ ọn. Gọ́ọ̀mù funfun tó ti gbẹ kì í gba òmíràn mọ́ra. Wọ́n gbọ́dọ̀ ha á títí pákó gidi á fi hàn, bí wọ́n bá sì ti ha á, pákó díẹ̀ á bá a lọ. Pákó fẹ́lẹ́ kò sì ní púpọ̀ tó máa fi sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí atúnṣe gidi fi máa ń béèrè, kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun, pé kí ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ni ín kì í sábà mọ̀. Bí ẹ bá ń ṣe gìtá lọ́wọ́, kí ẹ tó lẹ ẹ̀yìn rẹ̀ pa, ẹ fi bírò kọ orúkọ gọ́ọ̀mù tí ẹ lò àti ọdún rẹ̀ sára pákó inú, níbi tí wọ́n á ti rí i láti ojú ihò.